Kòsí-Pọ́tì àti Kókó Orí Rẹ̀

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje òwúrọ̀, ẹ̀rọ kan ní Ìkẹjà ya àwòrán inú orí Yínúsà Àdìó. Déètì àti aago wà ní igun àwòrán náà. Mo fi wọ́n wé ìwé tí wọ́n fún un lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bára mu. Ìdí tí mo fi wádìí ni pé èèyàn mẹ́rin ní Asese ló búra fún mi pé inú ààwẹ̀ Ràmàdáànù lọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, pé ebi ló ti kókó orí ọkùnrin náà jáde. Ààwẹ̀ ọdún náà ti parí láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin. Ebi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Yínúsà, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta lọ́dún náà. Òun àti Wòsílátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ, gba yàrá méjì ní Lotto ní Mowe, ṣùgbọ́n Asese, létí ọ̀nà márosẹ̀, ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2003. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni, ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ tó ti tẹ̀ ṣe. Bí àwọn onígbàgbọ́ bá ti ń wọ́ lọ sí ìpàgọ́ ńlá wọn, tí ọkọ̀ ń fẹ̀gbẹ́ ha ara wọn láti Ìbàfò títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Yínúsà tí kì í fi ìrun Jímọ̀ jáfara ni yóò kọ́kọ́ gbàdúrà pé kí èrò wọn pọ̀ ju ti èṣí lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tún ọkọ̀ tó tẹ̀ ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé kí èèyàn wọ abẹ́ rẹ̀, kó máa fi òòlù ti irin náà padà láti inú, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi tẹ́jú bó ṣe wà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Èkejì ni pọ́tì: nǹkan bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ń po mọ́ oògùn kan, tí yóò gbóná, tí yóò sì le bí òkúta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á fi dí ibi tó jin, wọ́n á ha á kó dán, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ó parí. Wákàtí mẹ́ta.

Yínúsà kì í lo pọ́tì. Ó ní irọ́ ni pọ́tì. Ó ní ẹni tó bá fi pọ́tì dí ilẹ̀kùn ọkọ̀ lè fi nǹkan dí ẹnu ẹlẹ́rìí. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá kó bá òun wò ó, yóò fi oríkèé ìka kàn án, yóò sì tẹ́tí. Bó bá dún kọ́, kọ́, irin ni. Bó bá dún pọ̀, pọ̀, yóò fa òòfà kékeré kan yọ nínú àpò àyà rẹ̀, èyí tó yọ lára gbohùngbohùn tó bàjẹ́, yóò gbé e lé ibẹ̀. Bí òòfà bá jábọ́, ẹjọ́ ti parí.

Lójú mi báyìí, ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Delight gbé ọkọ̀ wá láti Arepo. Yínúsà kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló tà á fún yín, mà?"

"Pásítọ̀ wa ni."

"Ṣé wọ́n gbàdúrà sí i kí wọ́n tó fún yín?"

"Wọ́n gbàdúrà sí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn yìí nílò rẹ̀."

Sàhéèdì, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ẹni ọdún méjìdínlógójì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Yínúsà, ló sọ ọ́ ní Kòsí-Pọ́tì. Ó fi ń bú u ni o. Pọ́tì ni Sàhéèdì fi ń jẹun, kì í sì í tijú sọ ọ́: "Oníbàárà ń lọ sí Èkó láàárọ̀ ọ̀la, ẹ̀gbọ́n mi ní kó dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ṣé òun ló máa gbé e pọ̀n lọ ni?" Ṣùgbọ́n Yínúsà gba orúkọ náà bí oyè. Ó kọ ọ́ sára páálí, ó gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń ti Mowe àti Ìbàfò wá kì í béèrè Yínúsà mọ́. Kòsí-Pọ́tì ni wọ́n ń béèrè. Orúkọ náà ló ń bọ́ ilé.

Nǹkan kan tún wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: òòlù kékeré kan, èèkù rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ dán bíi díńgí. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ló fún un lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ọjọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Lọ́dún 2017 Sàhéèdì bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun fún ìrọ̀lẹ́ kan péré. Yínúsà dáhùn pé, "Òòlù yìí ò mọ ọ̀nà ilé pọ́tì."

Kókó náà wà lápá òsì, lókè iwájú orí, ó tó ìdajì ẹyin adìyẹ. Ìtàn mẹ́ta ni mo gbọ́ nípa bó ṣe débẹ̀. Yínúsà ní bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló já lé òun lórí lọ́dún 2009. Wòsílátù ní irọ́ ni, pé òun ti rí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn lọ́dún 1998. "Mo rò pé fìlà ló ká sókè," ni ó wí. Nurat ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé Ifọ̀, ní wọ́n bí i mọ́ ọn ni, pé ìyá wọn máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ fún un, kò kàn gbọ́ràn ni. Mo ní kí wọ́n wá fọ́tò àtijọ́ kan fún mi. Nurat wá ọ̀kan rí, ti ọdún 1991, tí wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro. Òjìji róbótó kékeré kan wà lókè iwájú orí lápá òsì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọdún 2009 jàre ẹjọ́.

Yínúsà ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ tipẹ́. Ó kan apá ọ̀tún orí: kọ́, kọ́. Ó kan kókó náà: pọ̀, pọ̀. Ó fa òòfà yọ, ó gbé e lé e, òòfà jábọ́.

"Bàbá Fàrídà," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "òòfà kì í lẹ̀ mọ́ orí ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe já níbẹ̀ yẹn yàtọ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí Sàhéèdì súnmọ́ orí òun mọ́. Fìlà ò kúrò lórí rẹ̀ mọ́, oòrùn ìbáà mú.

Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2024, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ báyìí, orí á máa fọ́ ọ, ojú á sì máa ṣú u. Wòsílátù kò bi í léèrè. Ó fà á lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàfò, níbi tí Dókítà Folúkẹ́ ti wò ó, tó sì ní kó lọ ya àwòrán inú orí ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni déètì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti wá.

Àwòrán náà dé pẹ̀lú ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ìwé náà. Yínúsà ka ìwé mẹ́fà, Sàhéèdì parí girama, ó sì ní fóònù tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí àyà ẹnìkan bá ń já, kì í yan ẹni tó máa bá òun kàwé. Yínúsà nawọ́ ìwé náà sí ọ̀tá rẹ̀ níwájú gbogbo mẹkáníìkì.

Sàhéèdì wo ìwé, ó wo fóònù, ó tún wo ìwé. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ihò wà nínú agbárí yín."

"Ihò?"

"Nǹkan kan sì wà nínú ihò náà. Wọ́n ní ó funfun níbi tó yẹ kó dúdú."

"Kí ló dé tó fi funfun?"

"Wọ́n ní… ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan ná. Wọ́n ní jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn rìn wá ni."

"Ibo ló ti rìn wá? Ṣé Ìsẹ́yìn ni?"

"Ìwé ò sọ, ẹ̀gbọ́n."

Mo ti ka ìwé náà fúnra mi. Ohun tí wọ́n kọ ni pé kí wọ́n wò ó dáadáa kó lè dá wọn lójú pé *kì í ṣe* jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn rìn wá. Mo fi han Sàhéèdì. Ó ní fóònù ni ò gbé ìyẹn jáde. Mo ní kó tún un ṣe lójú mi. Ó ní bátìrì ti kú.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Asese ti gbé àwòrán náà sókè sí oòrùn. Ẹni tó ń ṣe wáyà ọkọ̀ ní wáyà méjì ló gbára wọn, ó tọ́ka sí ibi tó ti jó. Ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní ọ́ìlì ni, pé omi ti wọ inú ọ́ìlì, ló ṣe ń funfun. Tírélà kan dúró nítorí àwọn èèyàn tó pọ̀, awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó ní òun rí ojú èèyàn níbẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ kíá.

Dókítà Folúkẹ́ kò rí ojú èèyàn. Ohun tó sọ ló tilẹ̀ ba Yínúsà lẹ́rù jù. Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì mọ̀."

"Dókítà, ẹ ò mọ̀ kẹ̀?"

"Ó jọ kókó kan tí kì í pa èèyàn lára, tó máa ń dàgbà sáàárín egungun orí. Ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń dúdú lórí àwòrán ni, bí omi. Mo ti rí mẹ́rin irú rẹ̀ rí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúdú. Tiyín funfun. Nǹkan mìíràn tí kò dára náà lè funfun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ló kù tó lè là wá lọ́yẹ̀. Òòfà ńlá ló wà nínú rẹ̀."

Yínúsà dìde lórí àga. "Òòfà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó gbé tirẹ̀ lé orí tábìlì dókítà. Pín-ìn-nì ìwé méjì fò lẹ̀ mọ́ ọn. "Ohun tí mo ti ń sọ nílé nìyí! Kí ló dé tí ẹ ò fi èyí bẹ̀rẹ̀?"

Dókítà sọ fún mi pé òun rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni, Yínúsà dé ibi tí ẹ̀rọ olóòfà wà ní Èkó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ń jẹ́ Stella. Ó gba òòfà àpò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mú un dání bí ẹni mú ejò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tó wà lórí ìwé.

"Ṣé irin wà lára yín, sà? Wọ́n ti yìnbọn lù yín rí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ṣé irin ti fò wọ ojú yín rí?"

"Lọ́dún wo?"

Stella gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ?"

"Ìyàwó mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń lu irin. Tí irin ò bá fò wọ ojú mi, mo dúró jìnnà sí iṣẹ́ nìyẹn."

Stella kò gbà á wọlé. Ó ní òòfà yẹn lágbára débi pé ó lè fa irin tín-tín jáde lójú èèyàn. Wọ́n ya àwòrán inú ojú rẹ̀, wọ́n sì rí irin kan tó tó orí abẹ́rẹ́ nínú ìpéǹpéjú òsì. Stella ní kó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí wọ́n yọ ọ́, kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Yínúsà bi í bóyá kí wọ́n kúkú fi òòfà tòun yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Stella ní rárá.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó gbà pé jẹjẹrẹ ń ti ibì kan rìn bọ̀ kò lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹgbẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà ń ṣèpàdé ní Mowe ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹrin nínú oṣù. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ohun tí ẹnìkan bá fi tọrẹ níbi ìpàdé, tí wọ́n bá ti ṣe àmín sí i, tí alága bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, kò sí gbígbà padà. Wọ́n ṣe òfin náà nítorí ọkùnrin kan tó fi ẹ̀rọ jó-irin tọrẹ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Karùn-ún, Yínúsà dìde. Ó ní Mùízz, ọmọ Nurat tó ń jó irin ní Ifọ̀, ni kó gba sílíńdà gáàsì òun. Wọ́n ṣe àmín. Ó ní alága, Alàgbà Sùlèímọ́nù, ni kó gba jáàkì ńlá. Alága ṣe àmín sókè ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn náà ló fa òòlù ọ̀gá rẹ̀ yọ lábẹ́ agbádá.

"Sàhéèdì ni mo fún."

Sàhéèdì dìde, ó nawọ́ sí i.

"Ṣùgbọ́n pẹ̀lú májẹ̀mú. Ẹni tó bá ti jẹ́ kí pọ́tì wọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní òòlù yìí. Lọ́jọ́ tó bá lo pọ́tì, òòlù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Alága, ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Alága kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo rí ìwé náà. Èèyàn méjì sọ fún mi pé Sàhéèdì sunkún. Ẹnì kẹta ní ọ̀dà ló ta sí i lójú.

Nígbà tí Yínúsà délé lọ́wọ́ òfo, Wòsílátù dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ẹ ti pín ogún ara yín tán. Ta ló ní kí ẹ kú?"

"Dókítà ní òun ò mọ̀."

"Ẹni tó ní òun ò mọ̀, òun lẹ gbà gbọ́?"

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, wọ́n ti yọ irin ojú, Stella sì gbà á wọlé. Ó ní kó má mira. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀: gbàà, gbàà, gbàà, fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó jáde, Stella bi í bóyá ẹ̀rù bà á. Ó ní rárá, ó dà bí ẹni tó wà nínú búùtù nígbà tí Sàhéèdì ń lu ọkọ̀ níta, àfi pé ẹ̀rọ náà mọ ibi tó ń lù.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni Dókítà Folúkẹ́ pè wọ́n. Ó gbé àwòrán tuntun sójú iná. Kó tó lanu, Yínúsà ti dìde lọ síwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ etí ihò náà yí ká.

"Dókítà, èyí kì í ṣe àjálù."

"Kí lẹ rí, sà?"

"Ìpẹtà, tó bá ń jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀, etí rẹ̀ máa ń rí jágajàga. Wàràwàrà ló ń jẹ ẹ́. Etí tibí dán, ó tún nípọn. Nǹkan kan ló ń ti irin náà láti inú, jẹ́jẹ́, fún ọdún púpọ̀, irin wá ń kó ara jọ láti dì í mú. Ẹni tó ṣe èyí ò kánjú."

Dókítà ní ohun tí òun fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, àfi pé egungun lòun fẹ́ pè é. Ó wá ṣàlàyé èyí tó kù. Ó ní nígbà tí agbárí ọmọ ń pàdé nínú oyún, awọ bíńtín lè há sáàárín egungun. Awọ ò mọ̀ pé òun há. Yóò máa hù, yóò máa bó èèpo rẹ̀ sílẹ̀ bí gbogbo awọ ṣe ń ṣe, èèpo ò rí ọ̀nà jáde, á máa to lé ara wọn. Nínú àwòrán olóòfà, wọ́n lè wo bí omi ṣe ń rìn nínú nǹkan. Omi ò lè rìn nínú ti Yínúsà, ó ní, èèpo ti to ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì tàn yanran. Àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Ó ní ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ funfun nínú àwòrán àkọ́kọ́, àmọ́ èèpo ti Yínúsà ti gbẹ, ó ti ki jù, ohun tó rú àwọn lójú nìyẹn.

"Ṣé kò ní pa mí?"

"Kò ní pa yín. Ṣùgbọ́n a máa yọ ọ́, nítorí ó ti ń ti ọpọlọ."

"Ìyẹn ni pé ìdọ̀tí ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ń rù kiri?"

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, Bàbá. Awọ ni."

Wòsílátù ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kó máa fọ orí dáadáa.

Inú Yínúsà dùn títí ó fi béèrè ìbéèrè tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà nìkan ló máa béèrè níbẹ̀ yẹn. "Tí ẹ bá yọ ọ́ tán, ihò ńkọ́?"

"Wọ́n máa dí i. Wọ́n á po ìyẹ̀fun kan mọ́ omi oògùn kan, yóò gbóná díẹ̀, yóò le láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á fi dí i, wọ́n á jẹ́ kó dán bá orí yín mu. Ojú ò ní mọ̀."

Yínúsà jókòó padà.

"Dókítà. Pọ́tì nìyẹn."

"Sìmẹ́ńtì egungun là ń pè é."

"Ẹ pè é bó ṣe wù yín. Ṣé ẹ ò lè fi irin dí i?"

"Irin kan wà. Kò sí nílẹ̀ báyìí, ó máa pẹ́ tó oṣù mẹ́rin."

"Ṣé òòfà máa lẹ̀ mọ́ ọn?"

"Rárá o."

"Irin tí òòfà ò lẹ̀ mọ́? Ta ló ń ta ìyẹn fún yín?" Ó fọwọ́ lérán. "Ẹ ò lè fi òòlù kékeré ti egungun yẹn padà sáyè rẹ̀? Èmi lè wà níbẹ̀ kí n máa júwe."

Wòsílátù dìde. "Dókítà," ó ní, "ẹ po pọ́tì náà."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó. Ohun tí wọ́n gbẹ́ jáde funfun, ó ń dán, ó ń bó ní ìpele ìpele bí àbẹ́là tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha. Ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí i: kò sí jẹjẹrẹ níbì kankan, kò ti ibòmíràn rìn wá, Ìsẹ́yìn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dí i tẹ́jú débi pé tí kì í bá ṣe ojú abẹ, èmi kì bá tí mọ apá tí kókó náà wà. Iṣẹ́ dáadáa ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Yínúsà nínú yàrá rẹ̀ ní Lotto. Ó wo ojú fèrèsé, ó wo ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Ó ní tí mo bá máa kọ ọ́, kí n kọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, torí òun fẹ́ gba òòlù òun.

Kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí i. Ó ti yá òòlù mẹ́ta wò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi ojú àpá sílẹ̀ lára irin, oníbàárà kan sì ti bi í bóyá kó kàn fi pọ́tì díẹ̀ sí i. Ó ní ọjọ́ náà lòun fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní tòótọ́.

Mo wà ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án. Yínúsà wọlé pẹ̀lú fìlà tuntun tó bo orí rẹ̀ dé etí. Wọ́n pariwo, wọ́n dì mọ́ ọn, Alàgbà Sùlèímọ́nù gbàdúrà gígùn, kò sì mẹ́nu ba jáàkì. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Yínúsà ní kí alága ṣí ìwé oṣù Karùn-ún.

Alága kà á sókè: "Ẹni tó bá ti jẹ́ kí pọ́tì wọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní òòlù yìí."

"Ṣé àmín wà níbẹ̀?" ni Yínúsà béèrè.

"Àmín wà níbẹ̀."

"Ẹ tẹ̀lé mi."

Ọkọ̀ tí Sàhéèdì gbé wá sípàdé, tó ń tún ṣe fún oníbàárà, wà níta lábẹ́ igi. Gbogbo wa jáde. Yínúsà kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: pọ̀, pọ̀. Ó fa òòfà yọ, ó gbé e lé e. Òòfà já sínú iyanrìn. Ó gbé e lé ibòmíràn, ó já. Ó gbé e lé fẹ́ńdà, ó já. Àwọn èèyàn ń hó. Ẹnìkan kígbe pé, "Sàhéèdì, ṣé irin kankan tiẹ̀ wà lára ọkọ̀ yìí ni?" Alága ní kó má wulẹ̀ jẹ́ kí àwọn fa ọ̀rọ̀ gùn, kó dá òòlù padà fún olóòlù.

Sàhéèdì kò jiyàn. Ó lọ síwájú ọkọ̀, ó mú aṣọ funfun kan jáde, ó tú u. Òòlù náà wà nínú rẹ̀, ó ti nù ún, ó ti fi òróró pa èèkù rẹ̀. Ó nà án sí Yínúsà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yínúsà dì í mú, Sàhéèdì kò tíì fi í sílẹ̀. Ó ń wo fìlà tuntun náà, apá òsì rẹ̀, lókè. Ariwo ti ń lọ sílẹ̀. Yínúsà gan-an fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó tún mú ọwọ́ náà kúrò kíá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu," ni Sàhéèdì wí, jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní ihò tí wọ́n gbẹ́ lórí yín tó ìdajì ẹyin. Kí ni wọ́n wá fi dí i?"